Iná ọdún 1983 ní Ghana: Ẹ̀kọ́ wo ló fi sílẹ̀ fún àwọn tó ń sin ẹran?

Bí ẹ bá bi àgbàlagbà kan ní Kumasi nípa ọdún 1983, iná àti ebi ni yóò kọ́kọ́ mẹ́nu bà. Ọ̀dá mú, igbó gbẹ, iná sì jó ọ̀pọ̀ oko kòkó àti oko oúnjẹ ní agbègbè Ashanti.

Oṣù Kìíní ọdún náà gan-an ni Nàìjíríà ní kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú máa lọ. Nǹkan bíi mílíọ̀nù kan ọmọ Ghana ló padà sílé. Oko jó, ẹnu tó ń jẹun pọ̀ sí i.

Ìjọba Jerry Rawlings ṣòfin lórí iná igbó lọ́dún yẹn. Òmíràn rọ́pò rẹ̀ lọ́dún 1990.

Àmọ́ òfin kì í tú ewúrẹ́ lókùn. Kí ọyẹ́ tó dé ni kí ẹ ti ro àyíká ọgbà ẹran, kí ẹ sì mọ ilẹ̀ gbalasa tí ẹ óò kó wọn lọ. Ẹran tí a so mọ́lẹ̀ kò lè sá fún iná.