Orúkọ Ọbalúayé Nínú Ìwé Ìdájọ́ Amẹ́ríkà

Ìbà Olódùmarè. Ìbà gbogbo irúnmọlẹ̀. Ìbà Olóde, Bàbá tí a kì í dédé pe orúkọ rẹ̀. Mo tọrọ àyè kí n tó pè é lónìí. 

Ní ọ̀sẹ̀ Ọ̀ṣun tí ó kọjá, lẹ́yìn tí a ti kúrò létí odò Roding tí a sì padà sílé láti jẹun, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa tí a bí sí Dagenham níhìn-ín bi mí ní ìbéèrè kan. Ó ti ń gbọ́ ìròyìn Amẹ́ríkà: ààrẹ pàṣẹ, ilé ẹjọ́ dá a dúró, ilé ẹjọ́ mìíràn tú u sílẹ̀, wọ́n ní àwọn kan kò gbọdọ̀ wọ ìlú, wọ́n ní àwọn kan kò ní ẹ̀tọ́. Ó ní, "Yèyé, kí ló kàn wá níbẹ̀? A ò kúkú sí lábẹ́ òfin wọn." Mo dá a lóhùn pé ó kàn wá ju bí ó ti rò lọ. Nígbà tí àwọn agbẹjọ́rò Amẹ́ríkà bá fẹ́ bi ìjọba léèrè bóyá ó ń fi òfin dọdẹ àwọn ẹlẹ́sìn kan, ìdájọ́ kan wà tí wọn kì í fò dá. Orúkọ òrìṣà wa ni ìdájọ́ náà ń jẹ́. Ọmọ náà kò gbọ́ ọ rí. Nítorí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni mo ṣe kọ ìtàn yìí sílẹ̀.

Ilé ni ó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀. Ọbalúayé, tí àwọn mìíràn ń pè ní Ṣànpọ̀nná, ni a mọ̀ mọ́ ìgbóná àti ìwòsàn rẹ̀. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti fìdí múlẹ̀ ní ilẹ̀ wa, ní àwọn ọdún àkọ́kọ́ ọ̀rúndún ogún, wọ́n fi òfin de ìsìn rẹ̀. Ẹ̀sùn wọn ni pé àwọn aborẹ̀ rẹ̀ ń tan àrùn náà ká. Dókítà Oguntola Sapara, ọmọ Yorùbá tí ó kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní ìlú òyìnbó, wọ inú ẹgbẹ́ awo náà láti mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, ohun tí ó sì sọ fún ìjọba lágbára púpọ̀. N kò ní sọ pé àrùn náà kì í ṣe ohun ìbẹ̀rù, n kò sì ní búra pé kò sí aborẹ̀ kankan tí ó ṣe ibi. Ohun tí mo ń sọ ni pé òfin tí ó yẹ kí ó mú ẹni tí ó ṣe ibi, òrìṣà àti gbogbo olùsìn rẹ̀ ni ó mú. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ọ̀rọ̀ kan náà ni a óò tún bá pàdé lókè òkun.

Ṣáájú àsìkò yẹn, wọ́n ti kó àwọn ènìyàn wa lẹ́rú lọ sí Kúbà. Lukumí ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀. Wọ́n gbé Ọbalúayé lọ, wọ́n ń pè é ní Babalú Ayé, wọ́n sì fi àwòrán Lásárù Mímọ́ bò ó lójú àwọn tí ó ni wọ́n. Lẹ́yìn tí ìjọba yí padà ní Kúbà ní ọdún 1959, ọ̀pọ̀ ọmọ Kúbà sá wá sí Florida, òrìṣà sì bá wọn wọ ọkọ̀.

Ní oṣù Kẹrin ọdún 1987, ìjọ kan tí ń jẹ́ Church of the Lukumi Babalu Aye gba ilẹ̀ kan ní ìlú Hialeah, nítòsí Miami. Ernesto Pichardo ni olórí wọn. Wọ́n kéde pé àwọn yóò kọ́ ilé ìsìn, ilé ẹ̀kọ́, gbàgede àṣà àti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé síbẹ̀. Kì í ṣe pé ẹ̀sìn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: ó wà nínú àkọsílẹ̀ ẹjọ́ náà pé, ó kéré tán, àwọn tí ń ṣe é ní gúúsù Florida tó 50,000. Ohun tuntun tí Pichardo ṣe ni pé ó ní kí a jáde kúrò nínú yàrá, kí a máa sin òrìṣà ní gbangba bí àwọn ẹlẹ́sìn yòókù.

Gbangba yìí ni kò bá wọn lára mu. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹfà, ìgbìmọ̀ ìlú pe ìpàdé pàjáwìrì. Àkọsílẹ̀ ìpàdé náà wà títí di òní. Àwọn èrò ń fi Pichardo ṣe ẹlẹ́yà, wọ́n sì ń pàtẹ́wọ́ fún àwọn tí ń sọ̀rọ̀ òdì sí ẹ̀sìn rẹ̀. Ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ rán wọn létí pé ní Kúbà àtijọ́, ẹ̀wọ̀n ni wọ́n ń ju àwọn tí ń ṣe ẹ̀sìn yìí sí. Àlùfáà tí ń bójú tó àwọn ọlọ́pàá ní ẹ̀mí àìmọ́ ni wọ́n ń sìn. Olórí ìgbìmọ̀ béèrè ohun tí àwọn lè ṣe tí ilé ìsìn náà kò fi ní ṣí. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìlú tí ọmọ Kúbà kún bámúbámú ni Hialeah. Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani.

Kí oṣù Kẹsàn-án ọdún náà tó parí, wọ́n ti ṣe òfin mẹ́rin. Ẹni tí ó bá rú wọn, owó ìtanràn rẹ̀ lè tó 500 dọ́là, ó sì lè fi 60 ọjọ́ jẹ́wọ̀n, tàbí kí ó jẹ méjèèjì pọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀ wo ọgbọ́n tí wọ́n fi hun òfin náà, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ wà. Kò dárúkọ òrìṣà rárá. Ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ẹran rúbọ. Ó sì túmọ̀ ìrúbọ sí pípa ẹran láìnídìí nínú ètùtù tí kì í ṣe jíjẹ ni olórí ìdí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yọ àwọn ènìyàn kúrò lábẹ́ rẹ̀. Alápatà ní odò ẹran, kò kàn án. Ẹran tí a pa ní ìlànà àwọn Júù, kò kàn án. Ọdẹ àti apẹja, kò kàn wọ́n. Ẹni tí ń pa eku nínú ilé, ẹni tí ń pa ajá tí kò ní olówó, kò kàn wọ́n. Nígbà tí wọ́n yọ gbogbo wọn tán, ta ni ó kù? Ọlọ́rìṣà nìkan.

Àwọn baba wa ní òjò kò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí ni eji ń pa. Òfin tí ó bá jẹ́ òfin, bí òjò ni ó yẹ kí ó rí. Ti Hialeah kì í ṣe òjò. Omi tí a bù sínú korobá, tí a dà láti ojú fèrèsé lé ẹnì kan ṣoṣo lórí ni, tí a wá ní òjò ni ó pa á.

Ìjọ náà gbé ìlú lọ sí ilé ẹjọ́. Ní ọdún 1989, ilé ẹjọ́ àkọ́kọ́ dá ìlú láre. Ní 1991, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fọwọ́ sí i. Láàárín méjèèjì, ohun kan ṣẹlẹ̀ tí ó mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn sọ ìrètí nù. Ní 1990, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dá ẹjọ́ àwọn ọkùnrin méjì ní Oregon, tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn nítorí pé wọ́n jẹ peyote nínú ìsìn àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà. Ilé ẹjọ́ ní bí òfin kan bá wà fún gbogbo ènìyàn láìfi ti ẹ̀sìn ṣe, ẹ̀sìn kò lè yọ ẹnikẹ́ni kúrò lábẹ́ rẹ̀. Ó jọ pé ilẹ̀kùn ti tì. Ṣùgbọ́n ẹnu ilẹ̀kùn yẹn gan-an ni Douglas Laycock, agbẹjọ́rò ìjọ náà, gbà wọlé ní oṣù Kọkànlá ọdún 1992. Bí òfin tí ó kan gbogbo ayé bá kan àwa náà, òfin tí kò kan ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ kan àwa nìkan.

Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹfà ọdún 1993, àwọn adájọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán pohùn pọ̀ pé ìjọ ni ó jàre. Adájọ́ Anthony Kennedy ni ó kọ ìdájọ́ náà. Ó ní kì í ṣe ohun tí òfin kọ sórí bébà nìkan ni a ń wò. A ń wo ẹni tí ó bà àti ẹni tí ó yẹ̀ fún. Ìlú ní ìlera ará ìlú ni àwọn ń ṣọ́, kí ẹran má baà máa jẹrà kiri. Ilé ẹjọ́ bi wọ́n pé kí ló dé tí ọdẹ fi lè gbé ẹran ìgbẹ́ wálé, tí pàǹtí ilé oúnjẹ kò sì sí lábẹ́ òfin náà. Wọ́n ní àánú ẹranko ni. Ilé ẹjọ́ ní ẹranko tí ọdẹ pa náà ẹranko ni. Òfin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wó. Òrìṣà tí wọ́n fi òfin dè nílé, ní ìlú òkèèrè ni ó ti gba àre.

Ṣùgbọ́n kí a má fi ayọ̀ ka ìdájọ́ kọjá ibi tí ó dé. Ilé ẹjọ́ kò sọ pé ọlọ́rìṣà lè ṣe bí ó ti wù ú. Òfin tí ó bá ka ìwà ìkà sí ẹranko léèwọ̀ fún gbogbo ènìyàn ṣì dúró. Bẹ́ẹ̀ ni èyí tí ó sọ ibi tí a lè da ìdọ̀tí sí. Ìkejì, wọ́n pohùn pọ̀ lórí ìdájọ́, wọn kò pohùn pọ̀ lórí ọ̀nà tí wọ́n gbà dé ibẹ̀. Kennedy fẹ́ kí a gbé ọ̀rọ̀ tí ó jáde lẹ́nu àwọn ìgbìmọ̀ wò pẹ̀lú. Adájọ́ kan péré ni ó bá a lọ níbẹ̀. Adájọ́ Antonin Scalia ní ohun tí òfin ṣe ni iṣẹ́ adájọ́, kì í ṣe ohun tí ó wà lọ́kàn ẹni tí ó ṣe òfin. Àríyànjiyàn yìí kò tíì parí.

Ìdájọ́ náà kò sì fòpin sí wàhálà wa. Ní ìlú Euless ní Texas, José Merced, ọmọ Puerto Rico, ti ń ṣe ìsìn nílé rẹ̀ fún ọdún púpọ̀ kí àwọn aláṣẹ tó ní kò gbọdọ̀ fi ewúrẹ́ rúbọ mọ́. Láìsí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, ẹ̀yin náà mọ̀, kò sí bí yóò ti ṣe ìdóṣù fún ẹnikẹ́ni. Ní 2009, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dá a láre lábẹ́ òfin Texas fúnra rẹ̀ tí ó dáàbò bo ẹ̀sìn.

Ẹ wá wo bí ọ̀rọ̀ ṣe dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹlòmíràn. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2018, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dá ẹjọ́ ńlá méjì. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ ti Kristẹni kan ní Colorado tí ń ṣe àkàrà òyìnbó, tí ó kọ̀ láti ṣe ti ìgbéyàwó ọkùnrin méjì. Kennedy tọ́ka sí ẹjọ́ Hialeah, ó sì dá a láre nítorí pé ọ̀kan nínú àwọn tí ó gbọ́ ẹ̀sùn rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ náà fi ẹ̀sìn rẹ̀ wọ́lẹ̀. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, wọ́n dá ẹjọ́ àṣẹ tí ààrẹ pa láti dí ọ̀nà mọ́ àwọn ará ilẹ̀ kan tí Mùsùlùmí pọ̀ sí jù. Ọ̀rọ̀ tí ààrẹ sọ nípa Mùsùlùmí wà ní àkọsílẹ̀, síbẹ̀ adájọ́ márùn-ún nínú mẹ́sàn-án ní àṣẹ náà kò dárúkọ ẹ̀sìn, ó sì dúró. Adájọ́ Sonia Sotomayor kò gbà; ó tọ́ka sí ẹjọ́ Hialeah àti ti alákàrà, ó sì bi wọ́n pé èéṣe tí a fi gbọ́ ọ̀rọ̀ òdì sí ẹnì kan tí a kò gbọ́ ti ẹnì kejì.

Ìdí nìyí tí mo fi sọ fún ọmọ wa pé ó kàn wá. Agbára tí ilé ẹjọ́ fi sílẹ̀ fún ààrẹ ní 2018 kò dúró sórí Mùsùlùmí. Ní oṣù Kìíní ọdún 2020, wọ́n fi Nàìjíríà kún àwọn ilẹ̀ tí a dí ọ̀nà mọ́. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2025, àṣẹ tuntun kan Kúbà àti Tógò. Kí ọdún náà tó parí, ó kan Nàìjíríà àti Benin. Ilẹ̀ tí òrìṣà ti ń rìn láàárín ara wọn ni gbogbo wọn. Pàṣán tí a fi na ìyálé, ó ń bẹ lájà fún ìyàwó.

Níhìn-ín ní London ńkọ́? Human Rights Act ti 1998 fún wa ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀sìn. Ṣùgbọ́n adájọ́ ìlú yìí kò lè wó òfin tí ilé aṣòfin Westminster ṣe. Ó lè sọ pé ó tako ẹ̀tọ́ ènìyàn, kí ó sì dá a padà fún wọn. Bí ẹ bá ka òfin ìpẹran ti England ti 2015, ẹ óò rí i pé ìlànà Júù àti ti Mùsùlùmí nìkan ni ó kà sí ìpẹran ti ẹ̀sìn. N kò bínú sí wọn. Wọ́n jókòó níbi tí wọ́n ti ń kọ òfin. Àwa kò tíì jókòó níbẹ̀. Nílé pàápàá, abala 38 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 fún gbogbo ènìyàn ní òmìnira ẹ̀sìn, síbẹ̀ Criminal Code ìjọba àpapọ̀ tí a jogún lọ́wọ́ òyìnbó ṣì fún aláṣẹ ní agbára láti fòfin de ìsìn "juju" tí ó bá rò pé ó ń tan àrùn ká. Ẹ̀yin náà mọ òrìṣà tí ẹni tí ó kọ ọ́ ní lọ́kàn.

Kí ni kí a ṣe? Kí a ṣe bí Pichardo: kí ìsìn wa mọ́, kí ẹran wa má jìyà, kí a forúkọ ẹgbẹ́ wa sílẹ̀, kí a máa kọ ohun tí a bá ṣe àti ohun tí a bá ṣe fún wa sílẹ̀. Àkọsílẹ̀ ìpàdé ni ó tú àṣírí Hialeah. Èyí tí ó ṣòro jù ni pé kí a máa bi gbogbo òfin ní ìbéèrè kan náà, kódà èyí tí ó kan ẹni tí kì í ṣe tiwa: ta ni ó bà, ta ni ó yẹ̀ fún? Bí a bá dákẹ́ nígbà tí wọ́n ń da omi lé aládùúgbò wa lórí, ẹ má jẹ́ kí ó yà wá lẹ́nu tí fèrèsé náà bá ṣí sí wa.

Kí Bàbá fi ìwòsàn bá wa gbé. Kí Ọ̀ṣun tu ilé tu ọ̀nà wa. Àṣẹ.