Láti Orí Ààrò Mẹ́ta dé Ìdáná Onípẹ́lẹ́ẹ̀tì: Ìtàn Iná Ilé ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́

Ìdáná, gẹ́gẹ́ bí a ṣe lò ó nínú àpilẹ̀kọ yìí, ni ibikíbi tàbí ohun èlò yòówù tí a ń fi iná se oúnjẹ tàbí yan nǹkan lórí rẹ̀, yálà òkúta ni wọ́n tò sílẹ̀, tàbí amọ̀ ni wọ́n mọ, tàbí irin ni wọ́n jó pọ̀. Ní àwọn ilẹ̀ olótùútù bíi Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà, inú ògiri yàrá ni wọ́n máa ń kọ́ ojú iná sí kí ara àwọn onílé lè móoru, tí èéfín rẹ̀ á sì gba ihò kan jáde lórí òrùlé; ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Yorùbá, níbi tí ooru kì í ti í wọ́n, oúnjẹ ni iná ilé wà fún ní pàtàkì, ẹ̀yìnkùlé tàbí ọ̀dẹ̀dẹ̀ sì ni ibùjókòó rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí àwọn ará ilẹ̀ òkèèrè bá ń sọ̀rọ̀ nípa bí wọ́n ṣe ń yọ ojú iná àtijọ́ kúrò tí wọ́n sì ń fi ìdáná tuntun tó ń jẹ ègé igi fífúnpọ̀ tí wọ́n ń pè ní pẹ́lẹ́ẹ̀tì rọ́pò rẹ̀, ohun tó bá a dọ́gba ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, ìlú etí ọ̀sà méjì ní ìpínlẹ̀ Èkó, ni bí ààrò ṣe ń fi àyè sílẹ̀ fún àwọn ìdáná mìíràn láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, tí kò sì tíì fi àyè náà sílẹ̀ tán títí di òní.

Ààrò ni ó pẹ́ jù nínú gbogbo wọn. Òkúta mẹ́ta tàbí ìṣù amọ̀ mẹ́ta ni wọ́n máa ń gbé dojú kọra, tí ìkòkò á jókòó lé wọn lórí, tí igi á sì gba àlàfo àárín wọn wọlé. Òwe tó sọ pé ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù jẹ́ òótọ́ pọ́ńbélé nípa bí nǹkan ṣe ń dúró, nítorí ohun tó bá fẹsẹ̀ mẹ́ta tilẹ̀ kì í mì, bí ilẹ̀ kò tilẹ̀ tẹ́jú, èyí tí ohun ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin kò lè fọwọ́ sọ̀yà rẹ̀. Àdògán ni ẹ̀yà rẹ̀ tí wọ́n fi amọ̀ mọ yíká, tí wọ́n ṣí ojú kan sílẹ̀ fún igi, kí afẹ́fẹ́ má baà máa gbá ọwọ́ iná kiri kí ooru sì lè dúró sídìí ìkòkò. Kí ìṣáná tó di ohun tí a ń rà ní ìsọ̀, iná kan náà ni agbo ilé máa ń tọ́jú láti alẹ́ dé òwúrọ̀ lábẹ́ eérú, ẹni tí tirẹ̀ bá sì kú á mú àpáàdì lọ sí ilé aládùúgbò láti lọ fọnná, ìyẹn ni pé yóò gba ògúnná bíi mélòó kan padà wálé. Ibẹ̀ ni èdè ti rí ọ̀rọ̀ tí a ń sọ fún àlejò tí kò fìdí kalẹ̀, pé ó ṣe bí ẹni tó wá fọnná.

Èéfín ààrò kì í ṣe ìyọnu lásán fún àwọn tó ń lò ó, ibi tí ọ̀pọ̀ ètò àtúnṣe ìdáná sì ti ṣìnà ni pé wọn kò bi ara wọn léèrè iṣẹ́ tí èéfín náà ń ṣe. Nígbà tí koríko àti imọ̀ ọ̀pẹ jẹ́ òrùlé, èéfín tó ń gòkè láti ìdáná ni ó ń lé kòkòrò kúrò nínú wọn tí ó sì ń mú kí wọ́n gbẹ. Àgbàdo tí wọ́n so kọ́ sórí ààrò fún gbígbìn lọ́dún tó ń bọ̀, kòkòrò kì í rí i dá lu. Ẹran ìgbẹ́ àti ẹja tí wọ́n tẹ́ sórí àjà á sì pẹ́ kí wọ́n tó bàjẹ́. Láti ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún lọ sí ọ̀rúndún ogún ni páànù gba ipò koríko díẹ̀díẹ̀ ní àwọn ìlú etí ọ̀sà, láti ọjọ́ náà ni èéfín ti pàdánù èyí tó tóbi jù nínú àwọn iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ìpalára rẹ̀ kò dín kù. Ojú àwọn ìyá tó ń ta omi, ikọ́ àwọn ọmọdé tí a pọ̀n sẹ́yìn nídìí iná, gbogbo rẹ̀ ṣì wà bó ṣe wà. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 3.2 ènìyàn ni afẹ́fẹ́ ìdáná ilé tó dọ̀tí ṣokùnfà ikú wọn káàkiri ayé ní ọdún 2020 nìkan, àwọn obìnrin àti ọmọdé tó ń jókòó ti iná sì wà lára àwọn tó ń fara gbá a jù.

Èédú ni ó kọ́kọ́ bá igi du ipò ní ìgboro. Igi tí wọ́n jó lábẹ́ erùpẹ̀, níbi tí afẹ́fẹ́ kò ti tó, ni èédú; omi àti èyí tó pọ̀ jù nínú èéfín ti kúrò nínú rẹ̀ nínú igbó kí ó tó dé ọjà, ìdí nìyí tí kì í fi í rú èéfín púpọ̀ bí wọ́n bá dá a nínú kólúpọ́ọ̀tù, ìyẹn ìdáná onírin tó ní ihò wẹ́wẹ́ nísàlẹ̀. Àmọ́ ohun tí ojú kò rí nínú rẹ̀ burú: afẹ́fẹ́ olóró tí kò ní òórùn, tó lè pa ẹni tó bá gbé èédú tó ń jó wọ yàrá tí ó sì ti fèrèsé. Òkè Ògùn ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wà lára ibi tí púpọ̀ nínú èédú tí wọ́n ń tà ní Èkó ti ń wá, igi ayin sì wà lára àwọn igi tí àwọn tó ń jó èédú ń wá jù, nítorí pé ó le tí iná rẹ̀ sì ń pẹ́.

Kẹrosíìnì dé sínú àtùpà kí ó tó dé sínú ìdáná. Ní ọdún 1892 ni Frans Wilhelm Lindqvist ṣe sítóòfù Primus ní ìlú Stockholm, èyí tí a máa ń fún ní atẹ́gùn kí epo inú rẹ̀ lè di afẹ́fẹ́ kí ó tó gbiná. Lẹ́yìn rẹ̀ ni sítóòfù olówùú tí owó rẹ̀ kò pọ̀ wá gbòde, òun sì ni ó di ọ̀rẹ́ àwọn tó ń gbé yàrá kan nínú ilé oníyàrá púpọ̀, nítorí pé ó ṣeé gbé sí ẹnu ọ̀nà, ó ṣeé pa nígbà tí a bá fẹ́, a sì lè ra epo rẹ̀ ní ìwọ̀n ìgò kan. Ìwọ̀n ìgò kan yìí ṣe pàtàkì ju bí àwọn ìwé ìtàn ṣe ń kà á sí lọ. Ìdáná tí epo rẹ̀ kò ṣeé rà níwọ̀nba owó òòjọ́ kò lè wọ ilé ẹni tí ń gba owó òòjọ́.

Ní àkókò ìjọba Ọ̀gágun Sani Abacha, láti 1993 sí 1998, ọ̀wọ́n gógó epo sọ ọ̀pọ̀ ìdílé padà sí ìdí èédú àti igi, àwọn alágbẹ̀dẹ páànù sì ń fi àjákù irin ṣe ìdáná kékeré kan tí àwọn ènìyàn fi orúkọ olórí ìjọba náà pè, tí orúkọ náà kò sì tíì kúrò lẹ́nu ọjà. Nínú irú ìdáná bẹ́ẹ̀, èyí tó ń jẹ èérún pákó, ìyẹn lẹ́búlẹ́bú tí ayùn ń tú jáde, ni ó yẹ kí òpìtàn fara balẹ̀ wò. Wọ́n á fi ìgò tàbí igi róbótó sí àárín agolo, wọ́n á ki èérún náà yí i ká títí yóò fi le, wọ́n á fa ìgò náà yọ kí ihò lè kù láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n á sì tiná bọ̀ ọ́ láti ojú tó wà nísàlẹ̀. Bí wọ́n bá ki èérún náà dáadáa, iná náà á rọra jẹ ihò náà gbòòrò fún wákàtí mélòó kan láìsí pé ẹnikẹ́ni tún ń koná. Kò sí ẹni tó kọ́ àwọn tó ń lò ó ní ìmọ̀ ẹ̀rọ kankan, síbẹ̀ èrò tó wà nídìí ìdáná onípẹ́lẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń mú lò: ègbin ilé ìlapákó lè di oúnjẹ iná bí a bá lè ṣàkóso afẹ́fẹ́ tó ń wọ ọ́.

Gáàsì ni ó wá gba iwájú lẹ́yìn náà. Ilé iṣẹ́ Nigeria LNG, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe gáàsì fún títà sí òkèèrè ní 1999, bẹ̀rẹ̀ sí í fi gáàsì ìdáná ránṣẹ́ sí ọjà abẹ́lé ní 2007, nígbà tí yóò sì fi di 2020, gáàsì ìdáná tí Nàìjíríà ń lò lọ́dún ti kọjá mílíọ̀nù kan tọ́ọ̀nù. Ní 2014, Àjọ Ìlera Àgbáyé gba àwọn ìjọba nímọ̀ràn pé kí wọ́n má ṣe gba àwọn ènìyàn níyànjú láti máa lo kẹrosíìnì nínú ilé. Ìwádìí kan tí Yunifásítì Ìbàdàn àti Yunifásítì Chicago jọ ṣe ní Ìbàdàn, láàárín 2013 sí 2015, gbe ìmọ̀ràn náà lẹ́sẹ̀: nínú aboyún 324 tó ń fi igi tàbí kẹrosíìnì dáná, àwọn tí wọ́n fún ní ìdáná tó ń lo ẹtánọ́ọ̀lù, ìyẹn ọtí líle tí a lè fà jáde lára ìrèké tàbí ẹ̀gẹ́, kò ní ìfúnpá gíga tó àwọn tó dúró sórí ìdáná wọn àtijọ́, ìyàtọ̀ náà sì hàn jù lára àwọn tó ti ń lo kẹrosíìnì tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí kìlógíráàmù gáàsì kan kọjá 1,000 náírà ní Èkó ní 2024, ọ̀pọ̀ ilé tó ti gbàgbé kólúpọ́ọ̀tù tún lọ gbé e jáde láti ẹ̀yìnkùlé.

Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ ní ohun kan tí ọ̀pọ̀ ìlú kò ní, ìyẹn ìsúnmọ́ ibi tí pákó ti ń wá. Láti ayé ìjọba amúnisìn ni wọ́n ti ń fi omi ọ̀sà fa igi gẹdú wá sí Òkò-Bàbá ní Ẹ̀bútè-Mẹ́ta, ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ èérún pákó sì di òkè létí omi níbẹ̀. Àwọn tó ń gba orí afárá Third Mainland, tí wọ́n parí ní 1990, mọ èéfín tó máa ń rú láti inú òkè náà, nítorí pé wọ́n kàn ń sun ún dànù ni. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó pinnu láti kó àwọn onípákó náà lọ sí Agbówà, ní agbègbè Ìkòsì-Èjìrín ní Ẹ̀pẹ́, sí ibùdó tí wọ́n pè ní Timberville. Iná tí ẹnikẹ́ni kò fi se oúnjẹ ni wọ́n fi jó èérún yẹn lọ́dọọdún, nígbà tí àwọn obìnrin tó ń sun àgbàdo àti bọ̀ọ̀lì ní Gáréèjì Ìkòròdú ń fi owó ra èédú tó rìn láti Òkè Ògùn wá. Àdánù ńlá gbáà ni, kò sì yẹ kí a máa pè é ní orúkọ mìíràn.

Ní òkèèrè, irú èérún bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sọ di pẹ́lẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ègé igi róbótó tí ìbú rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ mìlímítà 6 tàbí 8. Wọ́n á gbẹ èérún náà títí omi inú rẹ̀ kò fi ní ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ, wọ́n á sì fi ipá tì í gba ihò wẹ́wẹ́ nínú irin. Ooru tó ti inú ìfúnpọ̀ náà jáde á rọ lígínì, èròjà tó ń so igi pọ̀ nínú ara rẹ̀, òun náà á sì di àtè, kò sí pé ẹnikẹ́ni ń po nǹkan mìíràn mọ́ ọn. Ọ̀wọ́n epo tó bẹ́ sílẹ̀ ní 1973 ni ó mú kí àwọn ará Amẹ́ríkà àti Sweden bẹ̀rẹ̀ sí í wá irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ní àárín àwọn ọdún 1980 ni Jerry Whitfield, ẹnjiníà ọkọ̀ òfurufú ní ìpínlẹ̀ Washington, gbé sítóòfù onípẹ́lẹ́ẹ̀tì jáde fún ilé gbígbé. Ẹ̀yà kan rẹ̀ wà tí wọ́n ṣe láti wọ inú ojú iná àtijọ́ lódindi, tí túùbù irin sì ń gba inú ihò èéfín àtijọ́ kọjá. Àpótí kan ń gbé pẹ́lẹ́ẹ̀tì dání, irin tó lọ́ bíi síkúrúù ń rọra dà á sínú iná, fáànù sì ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i ní ìwọ̀n tó yẹ. Òfin pẹ̀lú kó ipa tirẹ̀ níbòmíràn: lẹ́yìn èéfín dúdú tó bo London ní oṣù Kejìlá 1952, òfin afẹ́fẹ́ mímọ́ tí Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 1956 fún àwọn ìgbìmọ̀ ìlú ní agbára láti ka èéfín ojú iná ilé léèwọ̀ ní àdúgbò wọn.

Sítóòfù yẹn kò lè wọ Ìkòròdú bó ṣe rí, nítorí pé iná mànàmáná ni ó ń yí irin àti fáànù rẹ̀. Èyí tó bá Áfíríkà mu ni ìdáná kékeré tó ń sọ igi di afẹ́fẹ́ kí ó tó jó o: iná máa ń bẹ̀rẹ̀ láti òkè lọ sí ìsàlẹ̀, èéfín tó ń jáde lára igi á pàdé afẹ́fẹ́ tuntun lókè, á sì jóná kí ó tó bọ́ sínú yàrá. Tom Reed ní Amẹ́ríkà àti Paal Wendelbo, ará Norway tó ṣiṣẹ́ ní Uganda, ni wọ́n ṣe é lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, láìmọ̀ pé ẹnì kejì ń ṣe é. Ní Rwanda, ilé iṣẹ́ Inyenyeri yá àwọn ìdílé ní irú ìdáná bẹ́ẹ̀ tó ní fáànù kékeré, pẹ́lẹ́ẹ̀tì ni wọ́n sì ń tà fún wọn, ṣùgbọ́n àìtó owó mú kí iṣẹ́ náà kógbá wọlé. Ìdáná náà kò ní àbùkù. Pípèsè pẹ́lẹ́ẹ̀tì lójoojúmọ́, ní owó tí tálákà lè san, ni ó ṣòro.

Àwọn tó ń yan ẹja ní Ẹ̀pẹ́ tún fi ìṣòro mìíràn hàn, nítorí pé lọ́dọ̀ wọn, èéfín kò tíì pàdánù iṣẹ́ rẹ̀. Àrọ̀, epìyà àti òbòkún tí wọ́n ń kó dé ọjà Olúwo kò ní pẹ́ bàjẹ́ bí a kò bá yan wọ́n, àgbá onírin tí wọ́n gé ṣí tàbí ìdáná amọ̀ sì ni wọ́n ti ń yan wọ́n láti ìgbà pípẹ́, ní ọ̀nà tó ń jẹ igi púpọ̀ tó sì ń jó apá kan ẹja ju apá kejì lọ. Nǹkan bí ọdún 1970 ni àwọn obìnrin abúlé Chorkor lẹ́bàá Accra, pẹ̀lú àwọn onímọ̀ ìwádìí oúnjẹ ti Ghana àti FAO, àjọ tó ń rí sí oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ lágbàáyé, ṣe ìdáná onígun mẹ́rin tí a lè to àwo ẹja lé ara wọn lórí rẹ̀, kí ooru àti èéfín kan náà lè kọjá lára gbogbo wọn kí wọ́n tó lọ. Ó tàn káàkiri etíkun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, nítorí pé kò gba èéfín lọ́wọ́ ẹni tó ń yan ẹja, ṣe ni ó bá a lò ó dáadáa. Ìdáná FTT, tí FAO àti ibùdó ẹ̀kọ́ kan ní Thiaroye ní Senegal ṣe lẹ́yìn 2008, lọ síwájú sí i: ògúnná ni ó máa ń fi se ẹja náà jinná láìsí èéfín, ọ̀rá tó ń kán kì í kán sínú iná, lẹ́yìn èyí ni wọ́n á wá rú èéfín díẹ̀ lọ́tọ̀ fún àwọ̀ àti adùn, kí èròjà tó lè fa àrùn jẹjẹrẹ má baà pọ̀ lára ẹja. Bí pẹ́lẹ́ẹ̀tì láti Agbówà yóò bá dé Ẹ̀pẹ́ lọ́jọ́ kan, ìpele àkọ́kọ́ yìí, níbi tí ooru nìkan ti ń ṣiṣẹ́, ni ibi tí ó ti lè gba ipò igi. Ní ti ìpele kejì, èérún pákó tútù díẹ̀ tí wọ́n bù lé ògúnná lórí ti tó.