Ìsàmì, Ìrìbọmi àti Oògùn: Àríyànjiyàn Àwọn Onígbàgbọ́ ní Ṣómólú àti Bàríga

Ọ̀rọ̀ ìtàn ni mo gbé wá, ṣùgbọ́n ìtàn náà kò jìnnà, kò kọjá ojúlé sí ojúlé. Ẹni tó bá ti gbé Ṣómólú tàbí Bàríga rí mọ̀ pé ilé oníyàrá mẹ́wàá kan lè ní Onígbàgbọ́ ìjọ márùn-ún nínú, kí gbogbo wọn sì máa fa omi nínú kànga kan ṣoṣo. Bíbélì kan náà ni wọ́n ń kà. Síbẹ̀, bí alẹ́ bá lẹ́ tí iná bá lọ, tí kálukú bá gbé àga jáde síta, àríyànjiyàn dé nìyẹn. Èrò tèmi ni pé púpọ̀ nínú rẹ̀ kì í ṣe ọ̀ràn Bíbélì nìkan. Inú ọ̀rọ̀ Yorùbá ni ó ti ń wá, níbi tí ohun kan ti ní orúkọ mẹ́ta, tàbí tí orúkọ kan ti ru ẹrù méjì.

Ẹ kọ́kọ́ wo bí àdúgbò náà ti rí. Bàríga ni CMS Grammar School wà láti ọdún 1959, ilé ẹ̀kọ́ tí a dá sílẹ̀ ní Èkó ní oṣù kẹfà ọdún 1859, tí Thomas Babington Macaulay jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ àkọ́kọ́. Àna Sámúẹ́lì Àjàyí Crowther ni Macaulay. Abigail, ọmọ Crowther, ni ó fẹ́. Crowther yìí náà ni aṣáájú nínú iṣẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì Yorùbá tó jáde lódindi ní ọdún 1884. Ní etí ọ̀sà, ní Mákòkó, àwọn apẹja Ègùn gbé Ìjọ Mímọ́ ti Kristi láti Ọ̀run wá wọlé ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, ìjọ tí Samuel Bilewu Oshoffa dá sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́ ní ọdún 1947. Ní apá kejì, ní Gbàgádà, ni ibùdó Deeper Life wà. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ le lè fi òwúrọ̀ ọjọ́ kan rin ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta já.

Ìdí omi ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ohun tí òyìnbó ń fi ọ̀rọ̀ kan pè, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni ó ní lẹ́nu wa. Ọmọ Áńgílíkà a ní ìsàmì. Ìjọ Onítẹ̀bọmi a ní ìtẹ̀bọmi, orúkọ wọn pàápàá ti sọ ọ́. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn tó kù a ní ìrìbọmi. Ẹ tú wọn wò. Kò sí omi nínú ìsàmì rárá. Omi lè kan iwájú orí ọmọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àmì ni ọ̀rọ̀ náà ń sọ, àmì tí a fi hàn pé ọmọ ti di ti ẹnìkan. Yorùbá kì í sì í bi ọmọ léèrè kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ ní ọjọ́ kẹjọ. Olóòlà kò gba àṣẹ lẹ́nu ọmọ kí ó tó kọ ọ́ ní ilà. Nítorí náà, ẹni tó dàgbà sínú ọ̀rọ̀ náà, ìsàmì, kò rí ohun tó ṣàjèjì nínú gbígbé ọmọ ọwọ́ lọ síwájú àlùfáà. Ṣùgbọ́n ẹni tó rì, gbogbo ara rẹ̀ ni ó wọ omi. Ẹni tí a tẹ̀ bọ omi, ọwọ́ ẹlòmíràn ni ó tẹ̀ ẹ́, òun náà sì ti gbà kí wọ́n tẹ òun. Ọmọ jòjòló wo ni yóò gba irú èyí?

Bíbélì àtijọ́ kò dá sí ìjà náà. Baptisi ni ó kọ, ọ̀rọ̀ Gíríkì tí a wọ ẹ̀wù Yorùbá fún. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti dá ìjà sílẹ̀ níbòmíràn. Ní ọdún 1836, Ẹgbẹ́ Bíbélì Amẹ́ríkà kọ̀ láti náwó sí Bíbélì èdè Bẹ̀ńgálì tí àwọn míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi túmọ̀ ní Índíà, torí pé ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí rírì sínú omi ni wọ́n lò. Àwọn Onítẹ̀bọmi bínú, wọ́n lọ dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀. Baptisi kò bí ẹnikẹ́ni nínú, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò tún sọ ohunkóhun sí etí àgbẹ̀ Yorùbá. Ìjọ kọ̀ọ̀kan ni ó fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ kún un.

Bí àríyànjiyàn náà ti máa ń lọ rèé. Ẹni tó ní kí a ri ènìyàn a ṣí Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 8, níbi tí Fílípì àti ìwẹ̀fà ará Etiópíà ti jọ sọ̀kalẹ̀ lọ sínú omi. Ẹni ìsàmì a ṣí orí 16 ìwé kan náà: onítúbú ìlú Fílípì àti gbogbo ará ilé rẹ̀ gbà á lóru, ṣé kò sí ọmọ nínú ilé ọ̀hún ni? Ẹni tó bá gbọ́ Gíríkì díẹ̀ a tún fa Máàkù orí 7 yọ, níbi tí ọ̀rọ̀ náà ti dúró fún ìwẹ̀ ẹni tó ti ọjà dé. Mo ti gbọ́ àwọn ẹsẹ wọ̀nyí lẹ́nu télọ̀ àti lẹ́nu ìyá aláta, wọ́n sì mọ̀ wọ́n ju ọ̀pọ̀ àwa tó ń pe ara wa ní ọ̀mọ̀wé lọ. Ẹ má rò pé eré ẹnu lásán ni. Orúkọ ìsàmì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń jẹ́ nílé ìwé. Káàdì ìsàmì ni ẹ̀rí ọjọ́ orí fún àwọn tí kò ní ìwé ìbí. Bí ọmọ bá wá darí ilé láti yunifásítì, tí ó ní wọn kò tíì ṣe ìrìbọmi fún òun, létí bàbá rẹ̀, bí ìgbà tó ní òun kì í ṣe ọmọ ilé náà ni.

Oògùn ni ó gbóná jù, torí ẹ̀mí wà níbẹ̀. Níhìn-ín, nǹkan méjì ni ó wà lábẹ́ orúkọ kan. Hóró tí dókítà fún wa, oògùn ni. Ohun tí wọ́n dì sínú àdó tí wọ́n sì pe ọfọ̀ lé lórí, oògùn ni. Bí a bá fẹ́ pààlà, àfi kí a fi òyìnbó tàbí ìbílẹ̀ kún un. Ẹ wá wo ẹni tó di Onígbàgbọ́, tó sì jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun kọ oògùn sílẹ̀. Èwo ni ó kọ̀?

Ìbéèrè yìí ti pín ìjọ rí. Ní ọdún 1918, nígbà àjàkálẹ̀ òfìnkìn tó jà yí ayé ká, àwọn ọmọ ìjọ Áńgílíkà kan ní Ìjẹ̀bú-Òde kó ara wọn jọ fún àdúrà, wọ́n pe ara wọn ní Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye. Wọ́n kọ oògùn, wọ́n sì kọ ìsàmì ọmọ ọwọ́, omi àti oògùn pa pọ̀. Nígbà tó di ọdún 1922, wọ́n kúrò nínú ìjọ Áńgílíkà. Nínú ìsọjí Joseph Ayọ̀ Babalọlá ní Òkè-Ooyè, Iléṣà, ní ọdún 1930, ńṣe ni àwọn ènìyàn ń kó oògùn wọn jáde fún sísun. Kò pẹ́ ni àwọn míṣọ́nnárì Apostolic Church dé láti Bìrìtìkó láti bá wọn ṣiṣẹ́, ni wọ́n bá rí i pé àwọn òyìnbó wọ̀nyí ń lo kuiníìnì fún ibà. Lójú òyìnbó, ohun ìtọ́jú ara lásán ni. Lójú àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sun oògùn tiwọn, oògùn ni oògùn í jẹ́. Nígbà tó fi máa di nǹkan bí ọdún 1940, wọ́n ti yapa, ibẹ̀ ni Christ Apostolic Church ti jáde.

Nínú ilé tí a gbé ní Ṣómólú, ibà dá ọmọ ìyá kan gúnlẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta. Olùfẹ́ àdúrà kan ka Jeremáyà orí 46 fún un, níbi tí wòlíì ti sọ pé oògùn púpọ̀ kò ní ran Íjíbítì lọ́wọ́. Bàbá kan dáhùn láti ẹnu ọ̀nà pé Áísáyà ni ó ní kí wọ́n fi èso ọ̀pọ̀tọ́ lé eéwo Hesekáyà, pé Lúùkù pàápàá, dókítà ni. Ìyá náà dákẹ́. Ó gba àdúrà tán, ó pọn ọmọ, ó jáde. Nígbà tó padà dé tí wọ́n bi í, ó ní òun kò fún ọmọ ní oògùn o, abẹ́rẹ́ ni òun mú un lọ gbà. Ara ọmọ yá. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, èmi kò rẹ́rìn-ín. Ìyá yẹn ti ṣe ohun tí ìpàdé àwọn míṣọ́nnárì kò lè ṣe: ó wá ọ̀rọ̀ mìíràn.

Ní ti bàtà, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Àwọn Sẹ̀lẹ́ ń rìn láìwọ bàtà nínú sútánà wọn nítorí ohun tí Ọlọ́run wí fún Mósè ní Ẹ́kísódù orí 3. Àwọn yòókù ní ibi igbó tó ń jó yẹn nìkan ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Ṣùgbọ́n àwa tí baba wa ń bọ́ bàtà kí wọ́n tó dé iwájú ọba, kò yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí ṣòro fún wa láti lóye.

Àkókò mìíràn bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1973. Ní Yunifásítì Èkó, ní Akọka, tí kò ju ẹ̀gbẹ́ Bàríga lọ, olùkọ́ ìṣirò kan, William Kumuyi, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ Bíbélì pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọmọ ìjọ Apostolic Faith ni nígbà náà. Ní ọdún 1975, ìjọ náà yọ ọ́ nítorí pé ó ń wàásù láìjẹ́ òjíṣẹ́ tí a fi jẹ. Ẹ̀kọ́ Bíbélì náà ni ó di ìjọ Deeper Life, tó bẹ̀rẹ̀ ìsìn ọjọ́ Àìkú ní Gbàgádà ní ọdún 1982. Àwọn ènìyàn a máa sọ̀rọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n tí wọn kì í wò nígbà kan rí àti yẹtí tí wọn kì í lò. Èyí tó ká mi lára jù ni ìdápadà. Wọ́n ka Lúùkù orí 19, ìtàn Sákéù, wọ́n sì mú un bí a ti kọ ọ́: ohun tí o jí, dá a padà. Àwọn ènìyàn ru ẹrù ìjọba padà sí ọ́fíìsì. Ní àdúgbò tí owó ilé ti le, tí àwọn ọmọ ń dúró de owó ilé ìwé, ẹ rò ó wò bí ọkọ bá ní òun fẹ́ lọ dá owó ọdún márùn-ún padà. Ìyàwó náà ní ẹsẹ tirẹ̀: Tímótì Kìíní orí 5, lórí ẹni tí kò pèsè fún ará ilé rẹ̀.

Ṣómólú, bí ẹ ti mọ̀, ni ìlú àwọn atẹ̀wé. Ẹ̀rọ kan náà ń tẹ ìwé ìpolówó ìsọjí ìjọ kan láàárọ̀, ó ń tẹ tí ìjọ kejì lọ́sàn-án. Mo dúró ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀kan nínú wọn nígbà kan, mo ń wo bí wọ́n ti ń to ọ̀rọ̀ sórí káàdì ìpè fún ọmọ tuntun. Ọmọ iṣẹ́ náà gbé ojú sókè, ó bi oníbàárà léèrè pé, "Ẹ̀gbọ́n, ìsàmì ni kí n kọ ni àbí ìrìbọmi?" Ọkùnrin náà ní ìdílé òun ń ṣe Áńgílíkà, ìdílé ìyàwó òun ń ṣe Pẹ́ńtíkọ́sì. Ó ronú díẹ̀, ó ní kí ó kọ Ìkómọjáde.