Pupa Tó Ṣá ní Harvard

Ní 1964, wọ́n gbé àwòrán ńlá márùn-ún tí Mark Rothko kùn kọ́ sára ògiri yàrá ìjẹun kan lókè téńté ilé Holyoke Center, ní yunifásítì Harvard, Amẹ́ríkà. Kò sí ènìyàn nínú wọn, kò sí igi, kò sí ilé. Pupa tó ṣú ló gba ojú aṣọ tó kùn wọ́n sí, pẹ̀lú àwọn ìlà gbọọrọ tó dúró bí òpó. Fèrèsé yàrá náà gbòòrò. Aṣọ fèrèsé wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ṣíṣí ni wọ́n sábà máa ń fi í sílẹ̀, kí àwọn tó ń jẹun lè rí ìta. Nígbà tó fi di 1979, oòrùn ti jẹ pupa náà débi pé wọ́n tú àwọn àwòrán náà sọ̀ kalẹ̀, wọ́n sì kó wọn sínú òkùnkùn. Lithol Red, èròjà pupa tí ìmọ́lẹ̀ tètè ń pa, ló wà nínú ọ̀dà tí Rothko pò. Láwọn ibì kan, pupa ti di àwọ̀ ojú ọ̀run.

Ọ̀ràn yìí ju ti ìtọ́jú àwòrán lọ; ó kan bí ọkàn àti ara ṣe so pọ̀. Ní 1643, Elisabeth, ọmọbabìnrin Bohemia, kọ lẹ́tà sí René Descartes, ẹni tó ń kọ́ni pé ọ̀tọ̀ ni ọkàn, ọ̀tọ̀ ni ara. Ó bi í pé, ọkàn tí kò ṣeé fọwọ́ bà, báwo ló ṣe ń sún ara ṣiṣẹ́? Descartes fèsì títí, èsì náà kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Spinoza gba ọ̀nà mìíràn nínú Ethics, ìwé tó jáde ní 1677 lẹ́yìn ikú rẹ̀. Lójú tirẹ̀, ohun kan náà ni ọkàn àti ara, ọ̀nà méjì la gbà ń mọ̀ ọ́n. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sí ara, tó sì fi kún agbára rẹ̀ tàbí tó bù ú kù, pẹ̀lú bí ọkàn ṣe gbà á, ni ó pè ní affectus. Ibẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ìgbà tiwa ti mú affect theory jáde, ẹ̀kọ́ nípa bí nǹkan ṣe ń kan ara. Nínú àròkọ kan ní 1995, Brian Massumi ṣàlàyé pé kí a tó mọ̀ bóyá ayọ̀ ló dé tàbí ìbànújẹ́, nǹkan náà ti kan ara wa ná.

Àwòrán Rothko bá ọ̀rọ̀ yìí mu. Ínǹṣì 18 péré ló fẹ́ kí olùwòran fi jìnnà sí wọn. Ẹni tó bá dúró bẹ́ẹ̀ kò ní rí etí àwòrán mọ́; àwọ̀ ni yóò máa wò lọ́tùn-ún, lósì, lókè. Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló kun ọ̀dà náà, ìpele lé ìpele, kò sì fi ohun dídán bo ojú rẹ̀. Ó sọ pé àwọn tó ń sunkún níwájú iṣẹ́ òun ń ní irú ìmọ̀lára tí òun ní nígbà tí òun ń kùn wọ́n. Ara ni Rothko fúnra rẹ̀ pẹ̀lú fi ń kùn wọ́n. Ní 1968, nígbà tí iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá kan wú nínú rẹ̀, dókítà ní kó má kun ohun tó bá ga ju ínǹṣì 40 lọ, àwọn àwòrán rẹ̀ sì kéré sí i fún ìgbà díẹ̀.

Ibi tí èmi àti Massumi ti yà nìyí. Ó sọ affect di ohun tó dá dúró, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní ilé. Harvard fi hàn pé ó ní ilé, pé ilé náà sì ń wó. Nígbà tí pupa lọ, ohun tí pupa yẹn nìkan lè ṣe sí ara ènìyàn bá a lọ.

Ní 2014, ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà Harvard tún gbé àwọn àwòrán náà jáde. Àwọn onímọ̀ fi fọ́tò wọn tí wọ́n yà ní 1964, tó ti ṣá fúnra rẹ̀ tí wọ́n sì tún ṣe lórí kọ̀ǹpútà, pẹ̀lú àwòrán kẹfà tí wọn kò gbé kọ́ nígbà náà, ṣírò àwọ̀ tó sọnù. Wọ́n wá ń fi ẹ̀rọ tan ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ sójú aṣọ náà, ìwọ̀n tí ibi kọ̀ọ̀kan nílò, pupa sì padà. Nígbà àfihàn náà, láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n máa ń pa ẹ̀rọ náà lójoojúmọ́. Aṣọ kan náà ni, orúkọ kan náà ni, gbogbo ohun tí olùwòran mọ̀ nípa Rothko ṣì wà nínú orí olùwòran náà ní pípé. Síbẹ̀ ohun tó wà níwájú rẹ̀ ti yàtọ̀ pátápátá, ìmọ̀ kankan kò sì lè dí àlàfo náà fún un. Elisabeth, tí èsì Descartes kò tẹ́ lọ́rùn, ì bá rí ẹ̀rí níbẹ̀ pé ọkàn kò dá dúró láìsí ara.

Àwọn kan ṣàríwísí ìmọ́lẹ̀ yìí pé ẹ̀tàn ni. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Nítorí pé kò sí ohun dídán lójú àwòrán náà, ọ̀dà tuntun yóò wọ inú ti Rothko, kò sì ní ṣeé yọ mọ́. Wọ́n ṣe dáadáa tí wọn kò fi búrọ́ọ̀ṣì kàn án. Bí wọ́n bá ti tún un kùn ni, ṣíṣá náà fúnra rẹ̀, tó ti di ara ìtàn iṣẹ́ náà láti 1964, ni wọn ì bá pa rẹ́.