Ọkọ̀ Méjì Nínú Yìnyín: Fram àti Tara

Ní oṣù Kẹfà ọdún 1881, yìnyín fún ọkọ̀ Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Jeannette pa ní àríwá Siberia, ọkọ̀ náà sì rì. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, wọ́n rí lára àwọn ẹrù rẹ̀ ní etíkun Greenland, ní òdìkejì Òkun Arctic. Yìnyín ló gbé wọn débẹ̀. Nígbà tí Fridtjof Nansen, ọmọ ilẹ̀ Nọ́wè, gbọ́ nípa rẹ̀, ó gbà pé ohun tó gbé ẹrù kọjá lè gbé odindi ọkọ̀ pẹ̀lú àwọn èèyàn inú rẹ̀.

Colin Archer ló kan ọkọ̀ onígbòkun tí ń jẹ́ Fram fún un. Gígùn rẹ̀ tó mítà 39, igi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nípọn ju ìdajì mítà lọ, ìdí rẹ̀ sì rí rogodo. Bí yìnyín bá fún un, yóò yọ̀ bọ́ sókè bí ẹja àrọ̀ ṣe ń yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ apẹja. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1893, àwọn ọkùnrin 13 tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ kí yìnyín mú wọn, ọkọ̀ náà kò sì bọ́ títí di oṣù Kẹjọ ọdún 1896.

Èrè ìrìn náà pọ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé ti rò pé Òkun Arctic kò jìn. Okùn ìwọnlẹ̀ tí wọ́n gbé dání kò tó, ni wọ́n bá tú okùn irin ọkọ̀ sí fọ́nrán-fọ́nrán, wọ́n so wọ́n pọ̀, wọ́n sì rí i pé ìsàlẹ̀ ju mítà 3,000 lọ. Nansen tún kíyè sí i pé yìnyín kì í tẹ̀lé afẹ́fẹ́ tààrà, ńṣe ló máa ń yà sí apá ọ̀tún. Akẹ́kọ̀ọ́ kan láti Sweden, Ekman, ló fi ìṣirò ṣàlàyé pé yíyí ayé ló fà á. Gbogbo onímọ̀ òkun ló ń kọ́ àlàyé yẹn títí dòní.

Ọkọ̀ kejì ni Tara. Ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ti kàn án ní 1989, pẹ̀lú aluminium, fún Jean-Louis Étienne. Peter Blake, ọmọ New Zealand, rà á lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ọlọ́ṣà sì pa Blake nínú ọkọ̀ náà lórí odò Amazon ní 2001. Ní 2003 ló bọ́ sọ́wọ́ Étienne Bourgois àti ìyá rẹ̀, agnès b., tí wọ́n sọ ọ́ ní Tara, tí wọ́n sì yà á sọ́tọ̀ fún ìwádìí.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2006, Tara wọ inú yìnyín níbi tí kò jìnnà sí ibi tí Fram ti wọ̀ ọ́, ó sì bọ́ sí gbangba ní oṣù Kìíní ọdún 2008. Ọ̀nà tó gba Fram ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta gba Tara ní oṣù 16 péré. Àárín ìrìn yìí náà, ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2007, ni yìnyín Arctic dínkù ju bí wọ́n ti rí i rí lọ títí di ìgbà yẹn. Afẹ́fẹ́ ní ipa tirẹ̀ nínú eré tí Tara sá yẹn, kò sì tọ́ kí a di gbogbo rẹ̀ ru ooru. Ṣùgbọ́n yìnyín tó ti fẹ́lẹ́ kò lè dúró níwájú afẹ́fẹ́ bíi yìnyín tó ki, ìyàtọ̀ àárín ọkọ̀ méjèèjì sì ju ohun tí a lè fojú fò lọ.

Láti 2009 dé 2013, Tara yí òkun ayé ká láti kó àwọn ẹ̀dá tíntìntín tí ń jẹ́ plankton, tí àwọn kan lára wọn ń pèsè nǹkan bí ìdajì oxygen tí à ń pèsè láyé. Nígbà tí àwọn ìjọba pàdé ní Paris lórí ojú-ọjọ́ ní 2015, ọkọ̀ náà gúnlẹ̀ sórí odò Seine, láàárín ìlú, kí àwọn ará ìlú lè wọ inú rẹ̀.

Ìrìn méjì kò tó láti fi mọ bí yìnyín ṣe ń yí padà lọ́dọọdún. Nítorí náà ni àjọ tó ni Tara fi kan Tara Polar Station, ibùdó tí yóò máa léfòó nínú yìnyín Arctic léraléra títí di nǹkan bí ọdún 2045.