Aro àti Ẹbí Alárùn Ọpọlọ

Ní Ọ̀fàdà àti káàkiri ilẹ̀ Ẹ̀gbá, bí orí ẹnìkan bá dàrú láyé àtijọ́, ọ̀dọ̀ oníṣègùn ni ẹbí ń gbé e lọ. Àgbo gbòǹgbò asofẹ́yẹjẹ ni wọ́n fi ń mú un sùn. Èyí tó bá ń jà, ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ ni wọ́n ń kó sí i lẹ́sẹ̀, ìyà ńlá sì nìyẹn. Ìjọba òyìnbó ní tirẹ̀ ya aláìsàn kúrò lọ́dọ̀ ẹbí pátápátá: ilé wèrè Yábàá bẹ̀rẹ̀ ní 1907, ní 1944 wọ́n sì sọ ọgbà ẹ̀wọ̀n Lántòrò ní Abẹ́òkúta di ibi tí wọ́n ń kó àwọn sójà tó ti ojú ogun dé pẹ̀lú àrùn ọpọlọ sí. Ní 1954 ni Dókítà Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, yí ọ̀rọ̀ náà padà ní ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ Aro, ní Abẹ́òkúta kan náà. Abúlé 4 tó wà nítòsí ilé ìwòsàn ló fi aláìsàn wọ̀ sí, ìbátan rẹ̀ kan ó kéré tán sì gbọ́dọ̀ bá a wá, kó máa se oúnjẹ fún un, kó máa mú un lọ gba ìtọ́jú. Ilé ìwòsàn bá àwọn ará abúlé ṣe omi ẹ̀rọ àti ṣáláńgá. Àwọn kan ní nítorí pé ilé ìwòsàn kò tíì parí ló ṣe ṣe bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni pé ilé kò tíì parí, àmọ́ nígbà tó parí, ètò abúlé kò dáwọ́ dúró. Ní Geel ní Bẹ́ljíọ̀mù, tó ti ń ṣe irú rẹ̀ tipẹ́, ọ̀dọ̀ àjèjì ni aláìsàn ń wọ̀ sí; Lambo ní kí ẹbí tẹ̀ lé e.

Àtakò tó lágbára jù sí ètò yìí ni ti ìmọ̀ òde òní. Purotéènì kan wà tó ń jẹ́ neurexin, tó ń so sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ kan mọ́ èkejì níbi tí wọ́n ti ń ránṣẹ́ síra wọn. Bí apá kan jíìnì rẹ̀, NRXN1, bá já dànù, ewu àrùn ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní schizophrenia á pọ̀ sí i. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni ará ilé fẹ́ ṣe sí i? Lambo kò fìgbà kan sọ pé ìfẹ́ ẹbí tó: oògùn chlorpromazine àti ìtọ́jú oníná wà ní Aro. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹni tí jíìnì yẹn já lára wọn kò ya wèrè rárá, ẹni méjì tó sì ní àrùn kan náà kì í bọ́ nínú rẹ̀ bákan náà. Nínú ìwádìí tí àjọ WHO ṣe lórí àrùn náà ní ìlú 9, àwọn aláìsàn Ìbàdàn sàn ju ti Aarhus ní Dẹ́nmáàkì lọ. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan ṣì ń jiyàn lórí ohun tó fà á. Lójú tèmi, a kò lè yọ ẹbí kúrò níbẹ̀.

Ibi tí ètò Aro ti ṣòro gan-an ni iṣẹ́ ẹni tó tẹ̀ lé aláìsàn. Bí àgbẹ̀ Ọ̀fàdà bá lọ bá ọmọ rẹ̀ gbé níbẹ̀ nígbà tí ìrẹsì ń yọ ọmọ, ta ni yóò máa lé ẹyẹ lóko? Ìjọba tó bá fẹ́ dá irú ètò yìí padà ní láti ka owó oko náà mọ́ owó ìtọ́jú.