Ìtàn Ẹgbẹ́ Dick, Kerr Ladies, Sáà sí Sáà

  Ìtàn àwọn obìnrin agbábọ́ọ̀lù kan ni mo fẹ́ fi dá yín lára yá nínú ìwé ìròyìn wa yìí. Mo mọ̀ pé ẹlòmíì á ní kí ló kan ẹlẹ́ja àti aláṣọ nínú bọ́ọ̀lù. Ẹ fara balẹ̀ ná, ọ̀rọ̀ owó wà nínú rẹ̀.

Ìlú Preston, ní apá àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀. Ilé iṣẹ́ kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Dick, Kerr. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní gbóná, tí wọ́n kó àwọn ọkùnrin lọ sójú ogun, obìnrin ló kún ilé iṣẹ́ náà, wọ́n ń ṣe ọta ìbọn. Bí wọ́n bá ti jáde fún oúnjẹ ọ̀sán, wọn a bá àwọn ọmọṣẹ́ ọkùnrin gbá bọ́ọ̀lù nínú ọgbà. Nígbà tó di 1917, ilé ìwòsàn Moor Park, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn sójà tó fara gbọgbẹ́, bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bá àwọn ṣe eré orin láti fi kó owó jọ. Grace Sibbert, ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ yìí, wà lára àwọn tó ní bọ́ọ̀lù ni káwọn gbá dípò orin. Alfred Frankland, tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ náà, ló bá wọn háyà pápá Deepdale ní £20.

Ọjọ́ Kérésìmesì 1917 ni wọ́n gbá a. Ènìyàn 10,000 ló wá wòran. Wọ́n na àwọn obìnrin ilé iṣẹ́ Coulthard ní 4–0, owó tó wọlé fún ilé ìwòsàn sì lé ní £200. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: £20 la fi gba pápá, ó lé ní £200 tó wọlé. Èwo nínú wa ni kò ní tún padà sí irú ọjà bẹ́ẹ̀?

Ogun parí ní 1918. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ obìnrin tí ogun bí ló bá ogun lọ, ṣùgbọ́n tàwọn ará Preston kò tú ká.

Sáà 1920 gan-an lọba. Ní ìparí oṣù kẹrin, Alice Milliat kó àwọn obìnrin ilẹ̀ Faransé wá, ènìyàn 25,000 ló wá sí Deepdale, àwọn onílé sì borí 2–0. Nígbà tí ọdún ń lọ sópin, àwọn náà kọjá sí Faransé. Ní Paris, lójú ènìyàn 22,000, ọ̀mì 1–1 ni wọ́n ta. Lóṣù Kejìlá ni wọ́n wá gbá bọ́ọ̀lù lóru ní Deepdale, fún àwọn sójà tó ti ogun dé tí wọn ò ríṣẹ́ ṣe. Winston Churchill, tó jẹ́ mínísítà ogun nígbà náà, ló yọ̀ǹda iná ńlá méjì tí wọ́n fi ń wá ọkọ̀ òfuurufú ọ̀tá lójú ọ̀run. Wọ́n kun bọ́ọ̀lù ní funfun kí ojú lè rí i, ènìyàn 12,000 sì dúró nínú òtútù wò wọ́n.

Lọ́jọ́ kejì Kérésìmesì ọdún náà, wọ́n lọ sí pápá Goodison Park ní Liverpool láti bá ẹgbẹ́ St Helens pàdé. Florrie Redford tó máa ń gbá góòlù wọlé fún wọn kò rí ọkọ̀ ojú irin wọ̀! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pàdánù mọ́tò ọjà oko rí, ẹ mọ bó ṣe ń rí. Nígbà tí ìdajì eré parí, góòlù kan péré ni wọ́n ní. Ni Alice Kell, balógun wọn, bá fi ẹ̀yìn sílẹ̀, ó bọ́ síwájú, ó sì gbá mẹ́ta wọlé. Eré parí sí 4–0. Ènìyàn 53,000 ló wà nínú pápá, àwọn tí wọ́n ti géètì mọ́ síta sì lé ní 10,000. Owó ọjọ́ náà jẹ́ £3,115. Kò sí eré ẹgbẹ́ obìnrin méjì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó kó èrò tó bẹ́ẹ̀ mọ́ títí di 2023.

Ní 1921, ìgbà 67 ni wọ́n gbá bọ́ọ̀lù, àwọn tó wò wọ́n sì tó 900,000. Ẹ má gbàgbé pé òṣìṣẹ́ ni wọ́n o, bí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé bá mọ́, iṣẹ́ yá nìyẹn.

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti yíwọ́. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù Kejìlá 1921, FA, àjọ tó ń ṣàkóso bọ́ọ̀lù níbẹ̀, pàṣẹ pé kí gbogbo ẹgbẹ́ abẹ́ òun má ṣe yá obìnrin ní pápá mọ́. Wọ́n ní bọ́ọ̀lù kò yẹ obìnrin. Wọ́n tún ní ìnáwó ń jẹ nínú owó tí wọ́n ń pa ju bó ti yẹ lọ, pé èyí tó ń dé ọ̀dọ̀ aláìní kò tó. Alice Kell ti fèsì: ó ní òṣìṣẹ́ ò lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ kó máa káàkiri ìlú, kó tún wá fi gbèsè sílé, àti pé kò sẹ́ni tó ń gbà ju ṣílè mẹ́wàá lọ lójúmọ́. (Ẹ̀yin àgbà á rántí: ṣílè mẹ́wàá yẹn ló di náírà kan nígbà tá a pààrọ̀ owó ní 1973.) Lójú tèmi, ẹni tó bá gba pápá, tó wọ ọkọ̀ ojú irin, tó pàdánù owó iṣẹ́, kò lè ṣaláì náwó. Tí ẹ̀sùn bá jẹ́ ti ìwé owó, kí wọ́n pe ayẹ̀wéwò, kì í ṣe kí wọ́n ti pápá.

Wọn ò dáwọ́ dúró. Ní 1922 wọ́n wọkọ̀ ojú omi lọ sí Kánádà, àwọn aláṣẹ bọ́ọ̀lù ibẹ̀ náà ní àwọn ò gbà. Wọ́n bá kọjá sí Amẹ́ríkà, wọ́n bá ọkùnrin gbá ìgbà 9: wọ́n borí 3, ta ọ̀mì 3, pàdánù 3. Ní 1926, Frankland àti ilé iṣẹ́ náà tú ká, orúkọ ẹgbẹ́ sì di Preston Ladies. Pápá kéékèèké ni wọ́n ń lò. Lily Parr, ọmọ St Helens tó dara pọ̀ mọ́ wọn láti kékeré, tí wọ́n ní ó máa ń gba sìgá mọ́ owó rẹ̀, gbá bọ́ọ̀lù títí di 1951.

Ní 1965, ẹgbẹ́ náà parí. Ohun tó wà nínú ìwé wọn nìyí: eré 833, wọ́n borí 759, ọ̀mì 46, wọ́n pàdánù 28. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà, ní 1971, ni FA tó ṣí pápá padà fún obìnrin. Ní 2002, wọ́n kọ orúkọ Lily Parr sínú ìwé àwọn akọni bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, obìnrin àkọ́kọ́. Ó ti kú láti 1978.

Liverpool náà ni Asisat Oshoala, ọmọ Ìkòròdú wa, lọ gbá bọ́ọ̀lù ní 2015. Pápá Goodison Park ńkọ́? Ní 2025, àwọn ọkùnrin Everton kó lọ sí pápá tuntun, àwọn obìnrin Everton ni wọ́n sì fi í sílẹ̀ fún.